Ìbọ́rùn Búlúù Màmá

Babinda,
Ọjọ́ Àìkú, nínú òjò.

Dougal, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo mọ̀ pé eruku ibi ìwakùsà yẹn kì í jẹ́ kéèyàn mí dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le. Ara tiwa náà le, òjò nìkan ni kò jẹ́ ká sinmi. Bàbá wa náà wà ńbẹ̀. Àwọn gan-an ni mo tìtorí wọn kọ̀wé.

Ó tó oṣù kan tí mo ti ń fura sí wọn. Bí Ọjọ́bọ̀ bá ti pé báyìí, wọ́n á fárùngbọ̀n, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lọ̀, wọ́n á wa mọ́tò gba orí òkè lọ. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní ilé labalábá làwọn ń lọ, ibi tí wọ́n ti ń sin labalábá káwọn èèyàn lè wá wò wọ́n. Ìwọ náà gbọ́ ná. Bàbá tó fi gbogbo ayé wọn bá kòkòrò jà nínú oko ìrèké!

Ìyẹn ì bá ṣì kéré. Nígbà tí mo lọ tún yàrá wọn ṣe, n kò rí ìbọ́rùn búlúù Màmá níbi tó máa ń wà. A kò tíì sin Màmá pé ọdún kan, Dougal. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀? Mo ní obìnrin kan ti ń fi aṣọ ìyá wa ṣe fáàrí níbì kan. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun alẹ́.

Ni mo bá tọ̀ wọ́n lẹ́yìn ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, èmi tí n kò dé ilé labalábá rí. Ibẹ̀ gan-an tún dá kún ìfura mi. Ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n ní, àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tì kí ìkejì tó ṣí, àfi bí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nínú, ooru mú, ewé kún gbogbo ibẹ̀, labalábá ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ nínú àwo. N kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ni mo ń wá.

Mo rí wọn lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Coralie ni orúkọ tó lẹ̀ máyà, jókòó tì wọ́n, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ìbọ́rùn Màmá wà lórí orúnkún Bàbá. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn igi kan, mo ní kí n gbọ́ tẹnu wọn ná kí n tó bọ́ síta.

Àṣé aṣọ òjò mi ló máa tú mi fó. O mọ̀ ọ́n, èyí tó búlúù yẹn. Labalábá búlúù ńlá kan tó bà lórí ìbọ́rùn náà gbéra, ó wá bà lé èjìká mi. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, wọ́n ti ń fò yí mi ká. Bàbá fojú tẹ̀ lé wọn títí ojú wa fi ṣe mẹ́rin.

Wọ́n ní, “Glenys, bó o bá fẹ́ máa ṣọ́ èèyàn níbí, má wọ búlúù. Àwọn akọ wọn rò pé ara wọn ni ẹ́.”

Coralie bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bi Bàbá kí ni ìbọ́rùn ìyá mi ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa lórí orúnkún wọn, wọ́n ní:

“Ṣó o rántí igi tí mo gé lẹ́yìnkùlé? Òun làwọn búlúù yìí máa ń wá bá. Ìyá ẹ ò bá mi jà. Kò kàn jókòó sẹ́yìnkùlé mọ́ ni, títí tó fi kú. Mo fẹ́ kí aṣọ ẹ̀ ṣáà rí wọn.”

Dougal, mo sunkún níbẹ̀, n kò purọ́ fún ọ. Mo ní mo ń lọ mú ẹlòmíì, èmi ni mo wá di labalábá tó dìgbò lẹ̀gún tí aṣọ rẹ̀ fà ya. Mo jókòó tì wọ́n títí di ọ̀sán. Nígbà tí a ń jáde, Coralie dá mi dúró níwájú dígí, ó yẹ ẹ̀yìn mi wò kí n má baà gbé ọ̀kan lọ sílé. Ó fún Bàbá ní ọmọ irú igi yẹn, àná la sì gbìn ín.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ nínú ihò ilẹ̀ yẹn. Ọ̀nà kò ní nà ọ́. Wàá padà wá bá wa láyọ̀, a ó sì jọ jókòó sẹ́yìnkùlé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Glenys.

Àfikún: Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ wa mọ́tò gba orí òkè lọ báyìí, bẹ́ẹ̀ òní kì í ṣe Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fi lọ́fínńdà sára. Ìbọ́rùn Màmá sì rèé, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n fi í sílẹ̀ sórí àga mi. Ó dùn mí, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ labalábá tí wọ́n ń fi lọ́fínńdà pè. Bí mo bá tún máa tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, aṣọ òjò aláwọ̀ eérú ni màá wọ̀.