Ohun Tó Wà Nínú Òrùka Bàbá

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Okun o! Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Jọ́ọ̀sì níbí. Mo kí àbúrò mi Bọ́lá tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó rọra kà á o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, n kò bẹ ọmọọmọ kankan.

Òtútù ibí kò ṣeé fẹnu sọ. Súwẹ́tà méjì ni mo ń wọ̀ dín àkàrà láàárọ̀. Ọjà ń tà, ọpẹ́ ni. Àmọ́ bí ilé bá dá wáí, ohùn yín ni etí mi ń wá. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wọ kíláàsì àgbà, kí n lè máa kọ̀wé sí yín.

Ìyá mi, mo ṣẹ̀ yín. Mo tú aṣọ tí ẹ fi di òrùka Bàbá tí ẹ ní kí n máa bá yín tọ́jú, èyí tó mú ti ogun Bọ́mà bọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ní ká má tú u láé. Bàbá ló sọ fún yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ẹ wo ọkùnrin mìíràn. Ẹ ní ojú yín kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀. Bí òrùka náà ṣe di ará inú àpótí nìyẹn.

Ọmọọmọ mi Dúnní fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ó ní òrùka mìíràn kò wu òun. Mo ní ìyá mi kò gbà. Ó ní ṣebí Màmá ti mọ̀wé, kí n kà á.

Mo bá gbé e lọ sí kíláàsì. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sínú òrùka náà kéré, ó tún tẹ̀, mo ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ìyá mi, ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó wà níbẹ̀ ni: ṣílè kan!

Tíṣà ní owó ṣílè ni àwọn sójà fi máa ń ṣe òrùka: wọ́n á fi ẹ̀yìn ṣíbí lu etí owó náà títí yóò fi fẹ̀, kí wọ́n tó dá àárín rẹ̀ lu. Ìkọ̀wé ara owó á wá bọ́ sínú òrùka. Bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe, tá a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, ní bàbá mi gbọ́n ju ọ̀gágun lọ: ṣílè kan ló fi fẹ́yàwó, òun náà ló fi dẹ́rù bà á títí ayé. Mo rẹ́rìn-ín títí gèlè mi fi bọ́.

Mo ti sọ fún Dúnní pé òrùka yín ni. Yóò mú un wá sí Kábbà, yóò kúnlẹ̀, yóò fi í sí yín níka. Bí inú bá bí yín, ẹ dì í padà, n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, ẹ bọ́ ọ fún un. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti ń dúró de ẹ̀rín yẹn.

Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́ o. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti aládùúgbò tó ń pọnmi fún yín.

Èmi ni ọmọ yín tó ti ń kàwé,
Ìyá Dáre.