Ìpè Tí Mi Ò Jẹ́ ní Ìgàndò

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Èkó níbí. Mo kí Ìyá Àgbà, mo kí Sìdíkátù àbúrò mi, mo sì kí gbogbo ará ilé. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn kí gbogbo yín lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, torí mo mọ̀ pé bí ẹnì kan bá dá kà á, yóò bu iyọ̀ sí i kó tó dé etí yín.

Mo ti ríṣẹ́. Ẹ má tíì máa jó. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ ná.

Ẹ rántí pé Bùrọ̀dá Mùfú, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ìkòtún, sọ fún yín lórí fóònù pé intafíù kan ló kù fún mi. Bí mo bá tún pàdánù ẹ̀, wọ́n á fi mí sínú mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé, kí n padà sídìí kaṣú. Wọn ò parọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ tí mo sì bọ̀ lásán. Ní ilé búrẹ́dì kan ní Abúlé Ẹ̀gbá, ọ̀gá ibẹ̀ bi mí pé bí òun bá ṣàṣìṣe ńkọ́, mo ní màá sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí mo délé ròyìn, Bùrọ̀dá ní àbí èmi ni mo fẹ́ gba ọ̀gá náà síṣẹ́ ni.

Wọ́n wá fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ mi. Káfíńtà ni wọ́n; bí wọ́n ṣe ń fá pákó ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè, tí èmi ń dáhùn láàárín èérún igi. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni pé tí mo bá ti gbọ́ orúkọ mi, kí n fò dìde, kí n dáhùn kíákíá, pé ará Èkó ò ní sùúrù fún ẹni tó ń wojú. Ìyàwó wọn lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi títí ó fi gan bíi páálí.

Mi ò tíì sọ irú ibi tó jẹ́ fún yín. Mọ́ṣúárì ni, Màámi, ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, ní Ìgàndò. Akọ̀wé ni wọ́n ń wá, ẹni tí yóò máa kọ orúkọ àwọn òkú tó wọlé àti àwọn tí ẹbí bá wá gbé.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n òtútù inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kì í ṣe ti òjò. Àwa mẹ́ta la jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a kọjú sí ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀, tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ohùn ọkùnrin kan pe ẹni àkọ́kọ́ láti inú lọ́hùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni náà, tó de táì, fò dìde, ó ní yẹ́sà, ó wọlé. Kò pẹ́ tó fi jáde, ó ní wọ́n ní kóun máa lọ.

Ohùn náà wá pe Ràṣídì.

Màámi, ẹnu mi ti là. Ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀sán tí ẹ fà mí létí ní oko, nígbà tí mo dáhùn ìpè kan láti inú igbó. Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ ìpè ẹni tí mi ò bá rí ojú rẹ̀. Mo pa ẹnu dé. Arábìnrin tó jókòó tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní, “Bùrọ̀dá, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè o.” Mo rí mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́kàn mi kedere. Síbẹ̀ mi ò mira.

Ó tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, jẹ́jẹ́: “Àyìnlá.” Ikọ́ kékeré kan tẹ̀ lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, arábìnrin náà ò gún mi. Fóònù rẹ̀ ló ń tẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti sin Bàámi, ẹnikẹ́ni ò pè mí ní Àyìnlá mọ́. Ẹ sì mọ ikọ́ wọn.

Nígbà náà ni bàbá àgbàlagbà kan jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi aṣọ nu ọwọ́. Àwọn ni ọ̀gá ibẹ̀. Wọ́n ní ṣé adití ni mí ni.

“Mi ò rí ẹni tó ń pè mí, sà,” ni mo wí. “Màámi ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀.”

Mo ti ń wá báàgì mi. Bàbá náà jókòó tì mí, wọ́n ní kí n kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n wo ìkọ̀wé mi, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ní ìpè yẹn gan-an ni ìdánwò, pé iṣẹ́ yìí kì í gba ẹni tó ń dáhùn gbogbo ohun tó bá gbọ́. Wọ́n ní akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi dáhùn ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Wọn ò sọ èyí tó kù, èmi náà ò bi wọ́n.

Ohun tí mo bi wọ́n ni ibi tí wọ́n ti gbọ́ Àyìnlá, torí kò sí nínú ìwé tí mo fi sílẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kan ni mo pè ọ́,” ni wọ́n wí. “Ràṣídì ni mo pè.”

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń ṣe é. Inú Bùrọ̀dá dùn, gbogbo àdúgbò ni wọ́n ń sọ fún. Ìyàwó wọn ní kí n máa wẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí n tó wọlé, mi ò bínú. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé kì í fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ mọ́. Mi ò tíì gbọ́ ohùn náà padà. Kí n má parọ́ fún yín, mò ń tẹ́tí sí i.

Torí náà, Màámi, ẹ bá mi dé ibojì Bàámi lẹ́yìn ilé. Ẹ sọ fún wọn pé mo gbọ́. Ẹ ní kì í ṣe àfojúdi, mi ò sì gbàgbé ohùn wọn. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ń padà wọlé tí ẹ gbọ́ orúkọ yín lẹ́yìn, bó tiẹ̀ jẹ́ ohùn tí ẹ mọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ tèmi, ẹ má dáhùn. Ọlọ́hun á dá yín sí fún wa, á bo gbogbo ilé, á jẹ́ kí Ìyá Àgbà rí ọdún tó ń bọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí mo bá máa wálé, iwájú ilé ni màá gbà, kí ẹ rí ojú mi kí n tó pè yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídì