Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ Kò Tú Fún Mi

Bàbá mi,

Èmi ni, ọmọ yín ọkùnrin. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi oyin sí i.

Ìyàwó mi ti kú. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà náà, inú yàrá kan ní Addo, lẹ́yìn Ajah, ni mo wà. Orúnkún ọ̀tún mi ti kọṣẹ́. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lórí títì ńlá látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ n kò lè gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ kọjá sí òdìkejì. Àbẹ̀kẹ́ ló ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà fún mi. Òun ló ń gbé mi dìde.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín nìyí. Wọ́n ti mú un mọ́ àwọn obìnrin tó máa gbá kiríkẹ́ẹ̀tì fún Nàìjíríà. Òun ló ń sáré wá ju bọ́ọ̀lù, tó ń fi gbogbo ara jù ú, bí èmi náà ṣe ń ṣe láyé ọjọ́un. Wọ́n ń lọ sókè òkun fún oṣù kan gbáko, ọ̀túnla ni wọ́n sì ń gbéra. Nígbà tó sọ fún mi, mo wò ó, mo ní, "Bí o bá lọ, o ò ní bá mi láyé."

Bàbá, ṣé ẹ dá ohùn yẹn mọ̀?

Ẹ ṣáà mọ̀ pé koríko ni mo ń gé ní pápá kiríkẹ́ẹ̀tì ní Ìkòyí. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan nínú àwọn tó ń gbá a kò wá, wọ́n ní kí n dí àyè rẹ̀. Mo ti wò wọ́n títí mo fi mọ̀ pé ẹni tó bá ń ju bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ ká ìgbọ̀nwọ́. Mo sáré wá, ẹsẹ̀ lásán, mo jù ú, igi mẹ́ta tí ọ̀gá wọn ń ṣọ́ sì fọ́n ká.

"Ta nìyí?"

"Agékoríko ni, ọ̀gá."

"Ẹ gba àdá lọ́wọ́ ẹ̀!"

Ọdún márùn-ún ni mo fi ju bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ní Gánà, ẹnìkan tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù mi ti ń sún sẹ́yìn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wá sí Kẹ́ńyà. Ọdún tí katapílà ń wó igi àgbọn wa nítorí títì ńlá ni. Ẹ ń wúkọ́. Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní bí mo bá lọ, n kò ní bá yín láyé. Mo tú ẹrù mi. Wọ́n mú ẹlòmíràn lọ, wọn kò sì pè mí mọ́.

Àmọ́ ẹ kò kú. Ọdún mọ́kànlá lẹ tún lò, ẹ tún fẹ́ ìyàwó kan lé e.

Bí mo ṣe sọ èyí tán, Àbẹ̀kẹ́ gbé bíírò sílẹ̀.

"Bàbá, àṣé kì í ṣe orúnkún ló dá yín dúró?"

"Orúnkún dé lẹ́yìn. Máa kọ."

"Ṣé kí n kọ ọ́ pé Bàbá àgbà parọ́?"

"Kò parọ́. Ẹ̀rù ló bà á. Ìyẹn ni kó o kọ."

Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ta ni yóò gbé mi dìde? Bíríkìlà tó ń gbé yàrá kejì ní òun á máa wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ní ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù látàárọ̀, kí ni egungun mi já mọ́?

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ tí òbí bá fi dínà ọmọ, òbí náà ló gbọ́dọ̀ fi omi tútù tú u. Ẹ kò tú tèmi. Lọ́jọ́ tí ẹ kú, mo jókòó ti ẹní yín, mò ń retí rẹ̀. Ẹ béèrè omi. Mo bù ú fún yín, ẹ mu ún, ẹ kọjú sí ògiri. Ṣé ẹ gbàgbé ni? Àbí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ dè mí? Ẹni tí wọn kò tú, ṣé ó lè tú ẹlòmíràn?

Ẹ kò dáhùn, ọ̀túnla kò sì ní dúró dè yín. Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ bu omi wá. Mo mu díẹ̀, mo da ìyókù sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo ní, "Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Lọ. Wàá bá mi. Bí o ò bá sì bá mi, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."

Ó ń sunkún sórí ìwé yìí. Mo ní kó lọ di ẹrù rẹ̀. Ó ní kí òun kọ́kọ́ parí lẹ́tà Bàbá àgbà. Mo ní ó ti parí.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tí inú ṣì ń bí sí yín.