Ikọ́ Ìyá Oǹdó

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Mo ṣì wà nínú yàrá.

Ìyá Oǹdó, àbúrò bàbá mi, ti ń wúkọ́. Èmi ni mo kó o ràn wọ́n, àmọ́ ṣé ẹ̀bi mi ni?

Lọ́jọ́ Ajé ni ilé ìwòsàn pè mí pé Kòrónà wà lára mi, irú tuntun tó ń yára ranni ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti pé mo wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí i lára wọn ní Àkúrẹ́ níbí. Wọ́n ní kí n ti ara mi mọ́lé. Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún. Òun náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò wa ní Arakale ló ń kí mi lójú fèrèsé.

Fèrèsé ò tó Ìyá Oǹdó. Wọ́n wọkọ̀ wá, tàwọn ti ọbẹ̀ ata nínú kúlà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má wọlé, ó ń ranni!"

"Kí ara ọmọ ẹ̀gbọ́n mi má yá, kí n jókòó sílé?"

Wọ́n wọ ìbòmú, mo dúpẹ́. Bó ṣe kan àdúrà ni wọ́n fà á wálẹ̀ sí àgbọ̀n, wọ́n ní àwọn kì í bo ẹnu bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí. Mo sé èémí, àmọ́ àdúrà wọn kì í tán bọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n dé orí àwọn ọ̀tá ni mo wúkọ́ sí wọn lójú.

"Àmín!" ni wọ́n fi dáhùn.

Ẹ̀rù ń bà mí, àgbàlagbà ni wọ́n. Mo pè wọ́n nírọ̀lẹ́ yìí, ariwo èèyàn ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn wọn.

"Gbogbo ẹbí ló ti wá kí mi," ni wọ́n wí. "A sì jọ gbàdúrà. Ìwọ nìkan ni mi ò tíì rí."