Ìlà Pupa Méjì Lórí Ife Omi

Ọmọ mi, ayàwòrán mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo kí ilé tí o ń sùn àti ọ̀nà tí o ń tọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí tíì àti búrẹ́dì náà ni? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ ẹni ire, wọn kò ní fo tìrẹ. Tiwa níhìn-ín, a wà, à ń dúpẹ́. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ẹ̀yìn ń dùn ún, síbẹ̀ ó ń fá igi lójoojúmọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ mi já, mo ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò lónìí ni ìwé pélébé tí ẹ ń tẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, èyí tí wọ́n ń pín fún àwọn abiyamọ ní ilé ìwòsàn, tó ń sọ nípa ọmú àti oúnjẹ. Nígbà tí ìyàwó àbúrò rẹ mú un bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, mo rí obìnrin tí ẹ yà síwájú ìwé náà, mo ní ọwọ́ ọmọ mi nìyí, nítorí láti kékeré ni o ti máa ń ya etí ènìyàn tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi í han gbogbo àdúgbò. Àwòrán onígun mẹ́rin kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kún fún tóótòòtó dúdú, mo rò pé bí èéyi ṣe ń rí lára ọmọ ni ẹ yà, mo sì ń yẹ ara ọmọ wò láràárọ̀. Ìyàwó wa ló na fóònù sí àwòrán náà lọ́jọ́ kan, ni obìnrin kan bá yọ nínú fóònù, ó jókòó, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Bàbá rẹ yára kọjú sí ògiri, ó kí i pé ẹ kú ọwọ́ lómi. Obìnrin náà kò dáhùn. Bàbá rẹ ní bóyá ọmú ń dùn ún ni.

Nǹkan mẹ́ta ni ẹ yà sínú ìwé náà. Ọmọ tó ń mu ọmú, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ife omi pẹ̀lú ṣíbí, ẹ fa ìlà pupa méjì tó dábùú ara wọn sórí rẹ̀. Ìgò tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní mílíìkì, ìlà pupa méjì lórí òun náà. Ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ wọn, àmọ́ ó kéré bí ẹyin èèrà, ojú mi sì ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Ọmọ mi, o mọ iṣẹ́ mi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ sórí aṣọ. Ibi tí mo bá fà á sí, ibẹ̀ ni bọ́tìnnì máa wà, bí ọmọṣẹ́ bá fò ó, aṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Torí náà mo ní ọmú tí ẹ kò sàmì sí, gbogbo ayé ló ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Omi tí ẹ sàmì sí ni iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ká ṣe.

Bàbá rẹ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní nínú iṣẹ́ káfíńtà, apá pákó tí a bá fa ìlà yẹn sí ni apá tí a máa gé dànù. Mo ní ọmọ kì í ṣe pákó. Mo ní a kì í bá omi ṣọ̀tá. Mo ní ṣé pákó ló bí ayàwòrán náà ni, àbí èmi? Ó padà sídìí igi rẹ̀.

Ni mo bá ń se omi, á hó dáadáa, màá dà á sínú fíláàsì, màá máa fi ṣíbí bù ú sí ọmọ lẹ́nu láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ọmọ á mu, á sùn. Mo ní ẹ wo bí ara ṣe tù ú. Mi ò mọ̀ pé omi ló kún inú rẹ̀ tí kò fi béèrè ọmú mọ́.

Nígbà tí oṣù yí po, mo tẹ̀ lé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Aago kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ọmọ rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lóṣù tó ṣáájú, wọ́n ní ó lu aago márùn-ún. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ aago dúró sí mẹ́rin ààbọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí aago tó ń padà sẹ́yìn rí. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ sọ̀, ó tún gbé e kọ́, mẹ́rin ààbọ̀ náà ni. Ó béèrè ohun tí ọmọ ń jẹ. Èmi ni mo yára dáhùn, mo na ìwé sí i, mo ní gbogbo ohun tí ẹ sàmì sí ni mò ń ṣe, àfi ti ìgò, torí owó mílíìkì kò tíì sí. Nọ́ọ̀sì kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó wo ìyàwó wa. Ìyàwó wa bú sẹ́kún, ó ní òun ti ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, òun mọ̀, òun kàn ò lè sọ fún ìyá ọkọ òun pé kó gbé ṣíbí sílẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo ti rò pé èmi kì í ṣe ìyá ọkọ tó le.

Nọ́ọ̀sì bá mú ìwé náà tọ àwọn abiyamọ orí bẹ́ǹṣì lọ. Kò ṣàlàyé, ó kàn ń bi wọ́n pé kí ni ẹ rí. Ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹnì kan ní ká fi nǹkan bo ife nítorí eṣinṣin ni. Ẹnì kan ní irú àmì tí wọ́n ń fi sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó ni, ó ní ṣé ìjọba ń bọ̀ wá kó ife wa ni? Nọ́ọ̀sì ní èrò máa ń pọ̀, òun kàn ń pín ìwé lọ ni, òun kò bi ẹnikẹ́ni rí. Ó ní ìwé tí a kò bi ẹni tó gbà á ní ohun tó rí níbẹ̀, a ò tíì fún un.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú nípa àbúrò rẹ tó tẹ̀ lé ọ, èyí tó lọ kó tó mọ ìjókòó. Àsìkò ooru ni, èmi ni mo sì ń fún un lómi. Mi ò bi nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ ń bà mí. Ìwọ náà má dáhùn rẹ̀ sínú lẹ́tà. Àwa tí à ń kí abiyamọ pé ẹ kú ọwọ́ lómi, ta ni ì bá sọ fún wa pé omi náà kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọmọ?

Ó di ọjọ́ mọ́kàndínlógún lónìí tí ọmọ kò mu ohun mìíràn ju ọmú lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ aago ti kúrò níbi tó wà, ó ti ń sún mọ́ márùn-ún. Ìyàwó wa ń kí mi, ó ń bu oúnjẹ mi lásìkò. Àmọ́ kò gbé ọmọ fún mi mọ́. Bó bá fẹ́ wẹ̀, á gbé e lọ. Bó bá fẹ́ fọ abọ́, á pọ̀n ọ́n. Mi ò bá a wí. Bí mo bá jẹ́ òun, èmi náà kò ní gbé e fún mi. Síbẹ̀ ó ń dùn mí, ọmọ mi.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí o tún àwòrán náà yà. Má fi ìlà pupa síbẹ̀ mọ́. Ya ìyá àgbà kan tó ń gbé ife omi fún ìyá ọmọ, kí ìyá ọmọ máa mu omi, kí ọmọ máa mu ọmú. Ìyá àgbà náà ń wá iṣẹ́ tí yóò ṣe ni. Kí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì tóbi. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ti ẹyin àti ẹja ìyàwó wa, torí ìwé yín ní kí abiyamọ jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti ti jígí ojú mi. Má fi í sínú fóònù o. Ìgbà tó kọjá tí o ní o ti fi í síbẹ̀, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà ni ìyàwó wa wọlé. Ó ní òjò ti ṣú, aṣọ ọmọ sì wà lórí okùn. Ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, ó jáde, kò wẹ̀yìn. Ọwọ́ kan ni mo fi ń kọ èyí, ọmọ ti di bírò mú pẹ̀lú mi, bó bá wọ́, o ti mọ ẹni tó fà á. Ó wúwo, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwọ náà gbé tìrẹ. Àdúrà tó kù, fúnra rẹ gbà á fún ara rẹ, kí o ṣe àmín sí i, ọwọ́ mi ti kún.

Èmi ni,
Ìyá rẹ