Àdúrà Tíráfíkì Tí Mo Gbà fún Kàdíjátù

Àgó Oyèwùmí,
Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Kàdíjátù ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé nínú yàrá kan ṣoṣo tí o gbà ní Ìkòsí yẹn, kí òrùlé rẹ̀ má jò sí ọ lórí, kí onílé má fi ojú burúkú wò ọ́. Ohun tí o bá ń tà kò ní bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwa náà wà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n má tìtorí ẹ̀ sunkún, nítorí bí a bá dárúkọ oko ni orúnkún ọ̀hún máa ń wú, bí a bá dárúkọ iyán, ó ti fò dìde. Ewúrẹ́ mi bí méjì, èyí akọ kò nítìjú rárá, ìdí ìkòkò èlùbọ́ mi ló ń sùn.

Mo mọ̀ pé wàá máa sọ pé kí ló dé tí Màámi kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Ìwọ lo fà á. Bí mo bá pè ọ́, tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ wọra, wàá ní o kò gbọ́ mi dáadáa mọ́, fóònù á sì kú. Ìwé kì í kú, jókòó kí o kà á tán.

Ṣé o rántí ohun tí o sọ fún mi? O ní ata àti tòmátì tí ò ń rà ní Mile 12, tí ò ń lọ̀, tí ò ń kó sínú fírísà, tí ò ń gbé lọ fún àwọn olówó Mende àti Gbàgádà, o ti ṣí sáìtì fún un. O ní bí èèyàn bá bi Gúgù pé ta ló ń ta ata lílọ̀, àwọn ẹlòmíràn ni Gúgù ń kọ́kọ́ dárúkọ, ẹ̀yìn pátápátá ló fi ọ́ sí. O ní tíráfíkì ni o nílò, kí n bá ọ fi àdúrà sí i, pé bí kò bá yí padà kí Iléyá tó dé, wàá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ọkàn mi bà jẹ́, nítorí mo mọ ohun tí ojú rẹ rí kí o tó ra fírísà yẹn.

Ọmọ mi, èmi ti dé Ketu rí. Mo mọ tíráfíkì. Mo rò ó dáadáa, mo ní Kàdíjátù gbọ́n, ó ti ra sáìtì sẹ́bàá títì, bí ọkọ̀ kò bá lè rìn, ebi á pa àwọn tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á rántí ọbẹ̀, wọ́n á ra ata. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ti àná, mo dìde níbi àsàlátù, mo bẹ Alhaja Hidayat tó ń ṣíwájú wa pé kó gbàdúrà kí Ọlọ́run da tíráfíkì sí Ketu títí dé Mile 12, kí ọkọ̀ má lè lọ síwájú, kó má lè padà sẹ́yìn, nítorí ọmọ mi. Alhaja wò mí títí. Ó gbà á ṣá. Àwọn kan ṣe àmín wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó Ládé dìde fùú, ó ní òun kò ní ṣe àmín kankan, pé alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ òun máa gbé tòmátì lọ sí Mile 12.

Kàdíjátù, Ọlọ́run gbọ́. Láti Berger ni ọkọ̀ Ládé ti dúró sójú kan. Nígbà tó máa fi dé ọjà, tòmátì ti ń sunkún nínú apẹ̀rẹ̀. Ládé gbé apẹ̀rẹ̀ kan padà wálé, ó gbé e ka iwájú mi, ó ní kí n wo àdúrà mi. Mo wò ó. A ti jẹ ọbẹ̀ tòmátì títí bàbá rẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ilá.

Tíṣà Keziah tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé wa ló là mí lójú. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní sáìtì kì í ṣe ilẹ̀, pé tíráfíkì tí ò ń wí, èrò ni, àwọn tó ń wọlé wá wo ọjà rẹ lórí fóònù. Kí ló dé tí o kò pè é ní èrò láti ìbẹ̀rẹ̀? Kíá ni mo kó àwọn obìnrin àsàlátù jọ sídìí fóònù Keziah. A wọlé, a jáde, a tún wọlé. Ìyàwó Ládé pàápàá wọlé, ó ní òun ti dárí jì mí. Ìgbà tí iná fóònù tán la tó túká.

Lọ́jọ́ kejì lo pè tayọ̀tayọ̀ pé èrò ya bo sáìtì rẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rà, Gúgù kò sì sún ọ síwájú. Má bínú, àwa ni. O wá ní Kelvin, ọmọkùnrin tó ń gbé ní Anthony yẹn, sọ pé èrò náà ni kò tó, pé òun máa ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún ọ, o sì fẹ́ ta fírísà kí o fi san án.

Ìdí ìwé yìí nìyẹn. Má ta fírísà! Mo bi Keziah, ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n gan-an kò tíì fẹnu kò tán, àmọ́ iye orí tó wọlé kọ́ ni Gúgù ń kà kó tó gbé èèyàn síwájú. Ó ní ẹni tó wà níwájú ni èrò ń bá, kì í ṣe èrò ló gbé e débẹ̀. Ó ní Gúgù ń wò ó bóyá ohun tí oníbàárà ń wá ló bá níbẹ̀, àti bóyá àwọn ẹni iyì ń júwe ọ̀dọ̀ rẹ fún ẹlòmíràn. Mo ní òótọ́ ni, èrò máa ń pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń jà, ta ló ń ra nǹkan níbẹ̀?

Mo tún gbọ́ pé àwọn tí Kelvin fẹ́ tà kì í ṣe èèyàn, pé ẹ̀rọ ni. Háà! Ó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún ọ lórúkọ èrò! Oníbàárà tí kì í ṣe èèyàn, iwin là ń pè é níbí. Ìyá mi àgbà ní bí o bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jà, tí o yọjú wo ẹ̀yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ, wàá rí wọn, ẹsẹ̀ wọn kì í kan ilẹ̀. Jọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ kí o wo sáìtì rẹ dáadáa. Ní ti Gúgù fúnra rẹ̀, ṣé Ifákọ̀ ló ń gbé ni àbí Mende? Mo ní àkùkọ kan tí mo lè fi kí i. Aṣáájú ọjà kì í kọ àkùkọ.

Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ, ata rẹ kò ní kan, ọjọ́ tí ayé bá bi ara wọn léèrè, orúkọ rẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ dá. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o fi ti epo pupa àti ọṣẹ bàbá rẹ lé e, nítorí mo ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Fi ata rẹ se ọbẹ̀ díẹ̀ sínú abọ́ fún mi, kí àwọn èèyàn fi ẹnu kàn án. Ẹnu géètì àwọn olówó Mende ni màá dúró sí, kò sí ẹni tó máa kọjá tí kò ní gbọ́ orúkọ ọmọ mi. Bí mẹ́gáàdì bá sì bi mí pé ta ni mí, kí ni mò ń ṣe níbẹ̀, màá dá a lóhùn pé tíráfíkì Kàdíjátù ni mí.

Èmi ni,
Màámi.