Ohun Tí Halvor Brekhus Fi Sílẹ̀ ní Etí Adágún Harrow

Èmi, Halvor Einar Brekhus, tí a bí ní Saskatoon, tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe olùyẹ̀wò ilẹ̀ oko fún ìjọba ìpínlẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì sí etí Adágún Harrow lẹ́bàá Norheim, ni mo kọ ìwé yìí ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Orí mi pé. Ọkàn tó ń lù láyà mi ni dókítà ń kọminú sí, kì í ṣe ọpọlọ tí mo fi ń ronú. Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú èyí.

Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ kò pọ̀. Marusia Hrynkiw ni àkọ́kọ́, ẹni tí a ti jọ ń gbé fún ọdún mẹ́tàlélógún láì lọ síwájú pásítọ̀ tàbí adájọ́. Borghild Lindquist, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló tẹ̀ lé e, àti Dwayne ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ ohun kan ṣoṣo tó lè dá ìjà sílẹ̀ lórí òkú mi, ìyẹn ibi tí ẹ ó sin mí sí. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí n sùn ní Saskatoon lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òbí wa. Èmi fẹ́ itẹ́ òkú Norheim, lórí òkè tó kojú sí omi. N kò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó wà ní ìpín keje. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fo àwọn tó ṣáájú, nítorí orí wọn ni ìdí náà dúró lé.

Èkíní. Mo yan Dwayne Lindquist láti ṣe alábòójútó ìwé yìí. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé. Bí mo bá ní kó bá mi wọ́ ọkọ̀ jáde kí adágún tó di yìnyín, á ní, “Áńkù, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti gbọ́.” Á wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí a ti ń fi àáké gé yìnyín lára ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n á wá.

Èkejì. Ilé onípákó tí mo kọ́ sí etí adágún, pẹ̀lú ààrò, igi ìdáná àti ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀, di ti Marusia Hrynkiw títí ẹ̀mí yóò fi kúrò lára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà á mọ́ ọn lórí. Kò sí ìwé ìgbéyàwó tó sọ ọ́ di tirẹ̀, nítorí náà ni ìwé yìí ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ó di ti Dwayne.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí a ṣe pàdé, nítorí ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ní ibi ijó ni. Oṣù kẹfà ni, nísàlẹ̀ ilé ẹ̀rọ ìfami tó ń fa omi adágún sókè fún àwọn àgbẹ̀. Mo ń fi eṣinṣin pẹja, bí mo ṣe máa ń ṣe: ìyẹ́ adìyẹ àti irun ẹran tí a dì mọ́ ìwọ̀, tí a ń fi okùn wúwo jù sọ́hùn-ún kó lè balẹ̀ sórí omi bí ohun ẹlẹ́mìí. Wọ́láì ni mo ń wá, ẹja ẹlẹ́ran dídùn tí ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ológbò. Páìkì ló ń wá èmi. Páìkì gùn, ó sì burú, eyín rẹ̀ dà bí ayùn. Ó gé okùn mi, ó gbé eṣinṣin mi lọ. Mo so òmíràn, ó tún gbé ìyẹn náà lọ. Obìnrin kan jókòó lórí korobá nítòsí mi, ó fi òkú ẹja kékeré sẹ́nu ìwọ̀ tirẹ̀, ó ń wò mí.

“Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń pa wọ́n ni àbí ẹ̀ ń bọ́ wọn?”

Mo dá a lóhùn pé ìpẹja báyìí gba sùúrù.

“Páìkì náà ní sùúrù. Ẹ wò ó, ó tún ti jẹun.”

Ní ọjọ́ kejì ó mú okùn gìtá kan wá, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ́ ọ mọ́ iwájú eṣinṣin mi, ó dojú kọ omi, ó ní, “Ó yá, gé èyí.” Ẹja tí a fà jáde gùn tó ẹsẹ̀ mi láti orúnkún dé ilẹ̀. Ara gìtá Mykola ni okùn náà ti wá, ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Gìtá olókùn márùn-ún tó wà lára ògiri nínú ilé onípákó kì í ṣe tèmi, n kò sì há a fún ẹnikẹ́ni. Kí ó wà níbi tó wà. N kì í bá òkú jowú. Okùn rẹ̀ ló so wá pọ̀.

Ẹ̀kẹta. Ọkọ̀ onígi aláwọ̀ ewé, àjẹ̀ rẹ̀ méjèèjì àti ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀, di ti Marusia, lẹ́yìn rẹ̀ ti Dwayne. Ìdákọ̀ró kò sí nínú rẹ̀. Dwayne ló jù ú sómi láì so okùn mọ́ ọn, tó wá yíjú sí wa pé, “Áńkù, ó ti dúró dáadáa.” Òótọ́ ni, ìdákọ̀ró dúró, àwa ń lọ. Mo dárí gbèsè yẹn jì í níwájú òfin.

Ibi tí ìdákọ̀ró náà wà ni ohun tó níye lórí jù lọ nínú gbogbo ìwé yìí, n kò sì lè há a fún ẹnikẹ́ni, nítorí omi bò ó. Kí wọ́n tó mọ dáàmù tó sé omi di adágún yìí, oko bàbá Marusia ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa. Ní ọdọọdún ni òtútù ń ti òkúta tuntun sókè, tí gbogbo ará ilé á fi ìgbà ìrúwé ṣà á kí wọ́n tó lè gbin àlìkámà. Marusia àti àwọn àbúrò rẹ̀ ṣa òkúta títí èékánná wọn fi fọ́. Bàbá wọn máa ń sọ pé, “Ilẹ̀ yìí ò mọ nǹkan bí ju òkúta lọ, kò sì yàgàn rí.” Ibì kan ni wọ́n ń kó o jọ sí, ó ga ju kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lọ. Nígbà tó yá ìjọba ra oko náà, adágún sì kún bò ó. Wọ́láì kì í fẹ́ oòrùn. Láàárín òkúta yẹn ló ń sá sí lọ́sàn-án, tí ilẹ̀ bá sì ń ṣú, á gòkè wá jẹun ní orí òkìtì náà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Kò sí ibòmíràn ní adágún yìí tí eṣinṣin mi ti wúlò tó bẹ́ẹ̀. Marusia máa ń sọ pé bàbá òun kú láì mọ̀ pé ilé ẹja ni òun ń kọ́.

Omi kò ní òpópónà. Àmì méjì la fi ń mọ ibẹ̀. Bí a bá wo àríwá, àgbélébùú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Yukirénì gbọ́dọ̀ wọ inú àlàfo tó wà lára òkè ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a bá wo ìlà-oòrùn, àká gíga tí wọ́n ń kó àlìkámà sí ní Norheim gbọ́dọ̀ dúró lórí ilé ẹ̀rọ ìfami gẹ́lẹ́. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni òkìtì wà. Bí ọ̀kan bá sọnù, ìyókù kò wúlò.

Ní ọdún 2003 ni wọ́n wó àká náà. Gbogbo Norheim dúró lẹ́bàá ọ̀nà, eruku ọkà bò wá. Àwọn yòókù ń sunkún nítorí ìlú. Marusia di apá mi mú, ó ní, “Halvor, wọ́n ti yọ ojú mi kan.”

Láti ìgbà náà, kọ́ńpáàsì la fi ń wá a. Èmi á jókòó kọjú síwájú, òun tó ń tukọ̀ á kọjú sẹ́yìn, gbogbo adágún á sì máa gbọ́ wa.

“Òsì!”

“Òsì ta ni?”

“Òsì tìrẹ, Marusia!”

“O ò bá tètè sọ bẹ́ẹ̀! Mo ti kọjá ibẹ̀!”

Lọ́pọ̀ ìgbà, kí a tó débẹ̀, àwọn wọ́láì ti jẹun tán, wọ́n ti padà sílé. Marusia kò gbà láti kọ́ kọ́ńpáàsì. Ó ní abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n báyìí fúnra rẹ̀ kò dá ara rẹ̀ lójú.

Ẹ̀kẹrin. Àwọn ọ̀pá ìpẹja mi, ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń di eṣinṣin, àti àpótí gbogbo eṣinṣin mi, di ti Dwayne. Àwọn pupa ńlá jẹ́ ti páìkì, má ṣe jù wọ́n láì fi wáyà síwájú wọn. Àwọn dúdú kékeré jẹ́ ti wọ́láì. Àwọn aláwọ̀ búlúù kò wúlò fún ẹja kankan, ìgbà òtútù gígùn ló mú kí n ṣe wọ́n.

Dwayne ti ní ọkọ̀ tirẹ̀, ẹ̀rọ kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ omi. Ó fẹ́ fi irú rẹ̀ ta Marusia lọ́rẹ. Marusia wò ó, ó ní, “Dwayne ọmọ mi, o ṣeun. Bí mo bá fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan wà nílé.” Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀rọ á yanjú ohun tí mo fẹ́ sọ ní ìpín keje.

Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tó ṣe fún mi ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, nígbà tí mo rán an pé kó ri òpó méjì mọ́ ilẹ̀ ní itẹ́ òkú Norheim, kó sì ta aṣọ ìbùsùn funfun sí àárín wọn. Kò bi mí ní ìdí rẹ̀. Ó kàn ní, “Áńkù, ṣé orí yín pé?” Dwayne, wàá rí ìdáhùn mi ní gbólóhùn kejì ìwé yìí.

Ẹ̀karùn-ún. Ajá mi dúdú, Lefse, kì í ṣe ohun tí à ń há. Ọ̀dọ̀ Marusia ni yóò wà. Irun ìrù rẹ̀ ni mo fi ń ṣe àwọn eṣinṣin wọ́láì mi; Dwayne lè gé díẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó kọ́kọ́ fún un ní bọ́tà.

Ẹ̀kẹfà. Agogo ògiri màmá wa àti àpótí tó gbé wá láti Nọ́wè di ti ẹ̀gbọ́n mi Borghild.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò fẹ́ràn Marusia ní ìbẹ̀rẹ̀. “Obìnrin ará Yukirénì yẹn” lẹ ń pè é. Ìgbà tí ẹ wá kí wa pẹ̀lú kéèkì, ó gbé páìkì tó rẹ sínú ọtí kíkan àti àlùbọ́sà fún yín, èyí tí egungun rẹ̀ ti rọ̀ dànù. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ nu ẹnu. Nígbà tí ẹ lọ tán, ìgò páìkì méjì ti sọnù lórí tábìlì. Marusia rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ẹ ti gbà mí sílé.” Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ìgò méjì ránṣẹ́ sí yín lọ́dọọdún, ẹ̀yin náà sì ń dá a padà ní òfìfo pẹ̀lú kéèkì lórí rẹ̀.

Ẹ ti ra ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi ní Saskatoon. Ẹ tilẹ̀ ti gbẹ́ orúkọ mi sí òkúta ìdílé, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí mi, ẹ wá fi àyè ìyókù sílẹ̀. Mo lọ wò ó. Ìfẹ́ ló ṣe é, mo mọ̀. Ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé, “Àbúrò mi, bí o bá kọ̀ láti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?” Ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ ni mo lọ ṣe. Kí orúkọ náà wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọdún ikú mi sí i nígbà tó bá yá. Orúkọ lè wà ní Saskatoon. Òkú mi ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èkeje. Kí wọ́n sin mí sí itẹ́ òkú Norheim, ní ilẹ̀ tí mo ti rà, ní ibi tí ihò òpó méjèèjì Dwayne ṣì wà. Kí òkúta orí ibojì mi funfun, kó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí wọ́n kọ orúkọ mi sí ìhà tó kojú sí ọ̀nà. Kí wọ́n má kọ nǹkan kan sí ìhà tó kojú sí omi. Agbẹ́kùúta yóò sọ pé ìgbéraga ni. Ẹ̀gbọ́n mi yóò sọ pé mo fẹ́ ga ju bàbá wa lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, kí ẹ sì gbé e dúró.

Itẹ́ òkú náà wà lẹ́yìn ibi tí àká wà tẹ́lẹ̀, lórí ìlà kan náà. Mo fi irinṣẹ́ iṣẹ́ mi àtijọ́ wò ó, lẹ́yìn náà mo fẹ́ fi ojú Marusia wò ó, nítorí ojú rẹ̀ ni yóò lò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Dwayne ta aṣọ náà, mo mú Marusia lọ sórí omi. N kò mú kọ́ńpáàsì lọ́wọ́, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. A dé àárín adágún, ó gbójú sókè.

“Halvor, wo orí òkè yẹn. Ta ló sá aṣọ ìbùsùn sí itẹ́ òkú?”

Mo ní n kò rí nǹkan kan.

“Lórí ilé ẹ̀rọ ìfami gan-an! Ojú ò tiẹ̀ ti èèyàn mọ́ ní Norheim. Ta ni yóò sùn lórí ìyẹn?”

Ó ń bínú, ó sì ń tukọ̀ lọ bó ṣe ń bínú, kò mọ̀ pé ìlà àtijọ́ ni òun ń tẹ̀ lé. Mo rọra ní kó dúró. Mo ju eṣinṣin dúdú kan, wọ́láì sì gbé e kó tó rì.

Marusia, aṣọ ìbùsùn yẹn, èmi ni. Ìbéèrè tí o bi mí ni mo ń dáhùn: èmi ni yóò sùn níbẹ̀. Fi ojú gbé òkúta funfun mi sórí ilé ẹ̀rọ ìfami, gbé àgbélébùú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ sínú àlàfo òkè, kí o sì dá àjẹ̀ dúró. O ti débẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò máa pariwo òsì mọ́ ọ létí.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní Norheim, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, ọdún 2013.

Halvor Einar Brekhus

Àwa méjèèjì wà níbẹ̀ nígbà tó fọwọ́ sí i, kò sì há nǹkan kan fún wa:

Leona Poitras, olùkọ́, Norheim
Abram Dyck, àgbẹ̀, Norheim